Ẹsẹ̀ Hussainat Kò Kanlẹ̀

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin kan ra màṣíìnì méjì lọ́jọ́ kan náà, pupa ni méjèèjì, iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, àpótí dúdú kan náà ló wà lẹ́yìn wọn. Ó gbé wọn wọ agbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lápá Ẹnu-Ọ̀wá, tayọ̀tayọ̀. Kí ló tún kù tí èèyàn lè ṣe? Ta ló lè sọ pé ó ṣe ojúsàájú? Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí màṣíìnì wọ̀nyẹn ti wọlé ni orí Hàlímọ̀ ti dà rú, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé ó ti tò tán títí di ìsinsìnyí.

Hàlímọ̀ yìí ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì. Bọ́tìnì, sípì àti òwú ìránṣọ ló ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ìbejì rẹ̀ ni Hassan àti Hussainat. Hassan ló kọ́kọ́ jáde, Hussainat tẹ̀lé e, òun sì ni ẹ̀gbọ́n bí a ṣe ń kà á nílẹ̀ wa. Inú kan náà ni wọ́n ti wá, ọmú kan náà ni wọ́n mu. Àfi bí wọ́n ṣe ń bàlágà tí Hassan bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ó ga, ó ga, kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Hussainat ní tirẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Lónìí, bí wọ́n bá dúró ti ara wọn, àyà Hassan ni orí Hussainat mọ. Bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n bá pè é ní àbúrò Hassan, inú á bí i, á ní, "Èmi lẹ̀gbọ́n, ẹ bi í!"

Ẹ má rò pé Hàlímọ̀ kò rí gígùn àti kúkúrú. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Nígbà tí àwọn ọmọ náà ṣì ń rákòrò, ó ra fìlà òtútù fún Hassan nìkan, torí ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ó ní tó bá di ọjọ́ kejì, òun á ra ti Hussainat. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ara Hussainat ti gbóná janjan, ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti yí sókè. Ọsibítù ni wọ́n gbé e dé. Níbẹ̀ ni Hàlímọ̀ ti foríkanlẹ̀ tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́ dá ọmọ yìí sí, òun kò tún ní ya ọ̀kan sọ́tọ̀ mọ́ láyé òun. Ọmọ náà yè. Láti ìgbà náà, ẹran tí Hassan bá jẹ ni Hussainat gbọ́dọ̀ jẹ, ìwọ̀n kan náà. Bí ààfáà bá na ọ̀kan nílé kéú, Hàlímọ̀ á lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ bá òun fi pàṣán kan èkejì díẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi í rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó kàn án. Lọ́kàn tirẹ̀, bí nǹkan àwọn ọmọ yẹn kò bá dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn á bínú, á sì lọ, kò sì mọ èwo ni yóò jẹ́.

Ìjọba ti lé àwọn tó ń fi màṣíìnì gbé èrò kúrò ní Erékùṣù, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ díspáàṣì, àwọn tó ń gbé ọjà sínú àpótí lọ fún oníbàárà nílé, ṣì ń jẹun. Àwọn ìbejì méjèèjì ti kọ́ màṣíìnì lórí èyí tó kéré, tí àbúrò bàbá wọn ń gùn nígbà kan. Nítorí náà ni Hàlímọ̀ ṣe kó àjọ rẹ̀, tó ní òun á rà fún wọn. Lọ́jọ́ tó máa rà á, Hassan nìkan ló mú lọ. Ẹnì kan ní láti jókòó ti ìsọ̀, Hussainat ló sì jókòó tì í.

Ẹni tó ń ta màṣíìnì ní kí Hassan gùn ún wò. Hassan gùn ún. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ tó ibi tó yẹ kó tó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin náà wá bi Hàlímọ̀ pé, "Ìyá, ta ló fẹ́ gun ìkejì?"

"Ìkejì ẹ̀ náà ni. Ìbejì ni wọ́n."

Ọkùnrin náà wo Hassan látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí wàhálà nígbà yẹn. Irú kan náà lẹ máa gbé."

"Àbí kí ni mo tún fẹ́ gbé?" ni Hàlímọ̀ fèsì. Àgbà méjì ló jọ dúró síbẹ̀ o, àwọn méjèèjì ló sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí wọ́n délé, Hàlímọ̀ gbé ọwọ́ lé àga màṣíìnì méjèèjì, ó ka Àyátùlì Kúrísíyù lé wọn lórí, ó ní kí Hussainat gun tirẹ̀. Hussainat gbé ẹsẹ̀ kan sọdá, ó jókòó, màṣíìnì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sápá ọ̀tún, ó dà sápá òsì. Hassan sáré dì í mú.

"Màámi, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀."

"Ó kanlẹ̀. Ṣé mi ò rí i ni?"

"Orí ìka ẹsẹ̀ ló kanlẹ̀, Màámi."

"Ṣé ìka ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ ni?"

Ta ló lè bá Ìyá Ìbejì fa irú ọ̀rọ̀ yẹn?

Ohun tó wá da Hàlímọ̀ láàmú ni pé Hussainat mọ màṣíìnì gùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bó bá ti gbéra, á máa yọ́ lọ láàárín ọkọ̀, á máa yí kọ́nà, àwọn ọkùnrin á máa hó fún un. Dídúró ni ìṣòro. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ibo lẹ fẹ́ gbà ní Erékùṣù tẹ́ ẹ fi máa lọ láìdúró? Alábàárù á kọjá níwájú rẹ, ọmọláńkẹ́ á dábùú títì, ìyàwó ẹnìkan á dúró láàárín ọ̀nà, á máa yọ fóònù nínú báàgì. Ibi tí Hussainat bá ti tẹ bíréèkì ló ti ń wá ilẹ̀ tí kò ní rí i. Ó ṣubú lu abọ́ oníke ẹni ẹlẹ́ni ní Òkè-Àrin. Ó ṣubú ní ẹ̀bá Marina níwájú báǹkì, àwọn sìkiọ́rítì ló bá a gbé màṣíìnì dìde. Páìpù èéfín jó o lójúgun, ibẹ̀ sì lé ròrò.

Hàlímọ̀ ń fi òróró pa ojúgun náà, ó ń ṣèbéèrè bí ẹni ń bi ara rẹ̀. "Nígbà tó ń sáré, kò ṣubú. Ìgbà tó dúró jẹ́ẹ́ ló ṣubú. Irú kí wá lèyí? Mo rò pé eré sísá ló ń pa èèyàn."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí Kàsímù bá mi gé àga yẹn wálẹ̀," ni Hussainat wí. Kàsímù jẹ́ ará Ìjẹ̀bú kan tó ń gé fóòmù tó sì ń ran àga màṣíìnì lábẹ́ afárá ní Adéníjì.

Ojú Hàlímọ̀ mọ́lẹ̀. "Ìyẹn náà ni! Hassan, ẹ gbé méjèèjì lọ."

Hassan tó ń mu gaàrí gbójú sókè. "Màámi, tèmi dáa o."

"Ṣé o fẹ́ kí n gé ti ẹ̀gbọ́n ẹ nìkan ni?"

Hassan wo ìyá rẹ̀, ó rí bí ètè rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Kò jiyàn mọ́. Wọ́n gé méjèèjì.

Hussainat ń kọrin lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ kejì. Ẹsẹ̀ ti kanlẹ̀, ayé ti dáa. Ṣùgbọ́n Hassan! Orúnkún rẹ̀ yọ sókè débi ìgbọ̀nwọ́. Bó bá fẹ́ yà, irin ọwọ́ màṣíìnì á gbá a lórúnkún. Ìbàdí ń dùn ún, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ń rìn bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Bó bá foríkanlẹ̀ lórí ìrun, ó máa ń pẹ́ kó tó lè dìde, débi pé àwọn ará mọ́ṣáláṣí bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín pé ọmọ Ìyá Ìbejì ti gbájú mọ́ ẹ̀sìn.

Orí Hàlímọ̀ fò lọ. Ọ̀kan ń kọrin, ọ̀kan ń kérora. Ó ní kí wọ́n dá fóòmù padà sórí méjèèjì. Ẹ̀yìn Hassan nà tán, Hussainat tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ó wá lọ bá Sàdíátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé agbo ilé, ó sọ̀rọ̀ náà fún un tomijétomijé.

"Ìwọ náà, ṣe é sí àárín," ni Sàdíátù wí. "Kó má ga jù, kó má kúrú jù. Ọ̀rọ̀ wo ló wà níbẹ̀ tó tó sunkún sí?"

Àárín ni wọ́n gé e sí. Kàsímù fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó bojú wo Hàlímọ̀. "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú o. Ta gan-an ló máa jókòó sórí eléyìí? Kò sí ọmọ yín kankan tó ga báyìí."

"Ìbejì ni wọ́n, Kàsímù."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ni Kàsímù wí, ó sì ń ran án lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àga tuntun náà kò bá ẹnì kankan mu. Hussainat ṣì ń ṣubú, ìbàdí Hassan kò sì fi í sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kan, Hussainat wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tó bó, ó ju akoto rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun kò ṣe mọ́, òun á padà sí ìsọ̀ lọ ta bọ́tìnì.

Hàlímọ̀ ronú lé e. Ó ní, "Kò burú. Hassan, ìwọ náà á fi í sílẹ̀ nìyẹn."

Àwọn ọmọ méjèèjì wo ara wọn. Hassan ti ní àwọn oníbàárà tó ń pè é lórúkọ. Hussainat náà fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju ohunkóhun lọ, ìrora ló mú un sọ ohun tó sọ. Wọ́n dìde, wọ́n jáde lọ sí ìdí màṣíìnì wọn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Hussainat kò ṣubú mọ́. Hassan kò kérora mọ́. Hàlímọ̀ ń gbọ́wọ́ lé àga méjèèjì láràárọ̀, àárín ni wọ́n wà, wọ́n dọ́gba. Ó dúpẹ́ títí, ó ṣe sàárà ẹ̀wà fún àwọn ọmọ kékeré agbo ilé, ó ní àdúrà ló gbà.

Àfi ọjọ́ kan tó gba Marina kọjá, tó fẹ́ wọkọ̀ ní CMS. Ó rí Hussainat níwájú rẹ̀ tó dúró de àwọn ọkọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ara rẹ̀ balẹ̀, ó tiẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà. Àga tó jókòó lé pẹlẹbẹ bí àkàrà tí kò wú. Kò pẹ́ sígbà náà ni Hassan kọjá lódìkejì títì, òun jókòó sókè gegere, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán.

Hàlímọ̀ fi ọwọ́ nu ojú. Kí ló rí yìí? Ó délé ṣáájú wọn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí. Wọ́n wọlé nírọ̀lẹ́. Ó dìde, ó fọwọ́ kan àga méjèèjì. Ó fi ìka wọ̀n wọ́n. Wọ́n dọ́gba!

"Màámi, kí lẹ ń wá?" ni Hassan bi í.

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. Kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, wọ́n ní kó ka lẹ́tà ara ògiri, ó kà á tán pátá. Wọ́n ní ojú rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló wá bà á lẹ́rù jù. Bí ojú bá dáa, a jẹ́ pé orí ni. Ó bi Sàdíátù bóyá òun ti ń sọ̀rọ̀ sódì. Sàdíátù ní kó lọ sùn.

Ó wá rò ó pé Kàsímù ló lè là á yé òun. Bóyá fóòmù òde òní máa ń fẹ̀ nínú oòrùn tó sì máa ń sún kì bí ilẹ̀ bá ti ń tutù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá tojú sú kò sí ohun tí kò lè rò. Lẹ́yìn ìrun àsárì, ó ti ìsọ̀ pa, ó forí lé Adéníjì.

Kàsímù kò sí nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ pọnmi. Hàlímọ̀ wọlé, ó gbójú sókè, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Àga màṣíìnì méjì ló rọ̀ sára ìṣó lára ògiri. Òwú pupa tí òun fúnra rẹ̀ mú wá láti ìsọ̀ ni wọ́n fi ran wọ́n. Àwọn àga tí òun ṣàdúrà lé lórí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an nìwọ̀nyí. Lá ìláhà ìlálláhù! Bí àga bá wà níbí, kí ni àwọn ọmọ òun jókòó lé láti àárọ̀?

Ó gbọ́ ìró màṣíìnì méjì. Kò mọ ohun tó sún un ṣe é, àmọ́ ó yà sẹ́yìn tapólì tí Kàsímù ta, ó lúgọ síbẹ̀, òun ìyá àgbàlagbà. Hussainat ló kọ́kọ́ wọlé lórí àga pẹlẹbẹ, Hassan tẹ̀ lé e lórí àga gíga. Kàsímù náà dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi, ó mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì láìbi wọ́n ní ohunkóhun. Ó hàn pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ni Kàsímù wí, "títí dìgbà wo? Láàárọ̀, ká tú àga àárín, ká de èyí tí mo ṣe fún kálukú yín; nírọ̀lẹ́, ká tún dá a padà. Ẹ sọ fún ìyá yín."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni Hussainat wí. "Bí wọ́n bá rí i pé a ò dọ́gba, wọn ò ní lè sùn mọ́. Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Títí dòní, wọ́n ṣì máa ń wá gbé ọwọ́ síwájú imú mi lóru bóyá mo ń mí. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó sùn ni."

Hassan ní, "Ọ̀nà díẹ̀ ló kù délé láti ibí. Mo máa ń wà níwájú ẹ̀, mo máa ń rọra lọ."

Hàlímọ̀ di tapólì mú. Ṣé kó bínú ni? Ṣé kó jáde sí wọn? Ìtìjú mú un, ọ̀rọ̀ náà dùn ún, inú rẹ̀ sì tún ń dùn lápá kejì pé irú ọmọ báyìí lòun bí. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn nínú rẹ̀, kò mọ èyí tó yẹ kó mú. Ó tún wá ń ṣírò nínú ara rẹ̀ pé láti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀ ni wọ́n ti ń jókòó sórí ohun tí kò dọ́gba, àwọn méjèèjì sì wà láàyè. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Wọ́n de àga àárín tán, wọ́n gbéra. Ó jáde láti ẹ̀yìn tapólì, Kàsímù pariwo "Háà! Ìyá Ìbejì!" Ó tẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, wọn kò lè sáré, ó sì ń rí ẹ̀yìn wọn. Ó ń rí bí Hussainat ṣe ń na ìka ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dúró, tó ń dà sápá kan, tó tún ń gba ara rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ tó ti ra màṣíìnì, kò tíì wò ó rí láti ẹ̀yìn báyìí.

Níbi tí wọ́n ti fẹ́ yà sí Ẹnu-Ọ̀wá, ọmọláńkẹ́ kan tó kó bébà já wọ ọ̀nà lójijì. Hassan ti kọjá. Hussainat tẹ bíréèkì, ó na ẹsẹ̀ òsì, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí omi gọ́tà tó ṣàn sójú títì, ó yọ̀, màṣíìnì sì gbé e lulẹ̀ síwájú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀. Gbogbo títì ké "Yéè!" Táyà ọkọ̀ náà han gooro, ó dúró. Kò ju ìbú àtẹ́wọ́ kan lọ láàárín táyà náà àti orí ọmọ náà.

Hàlímọ̀ kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ìborùn rẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó máa fi débẹ̀, màṣíìnì ṣì wà lórí ẹsẹ̀ Hussainat, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórúnkún rẹ̀, àwọn èèyàn ń gbìyànjú láti gbé e. Hussainat yí ojú, ó rí ìyá rẹ̀. Kò ké, kò sọ pé ó ń dun òun. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Màámi, ìkan náà ni o. Ẹ wò ó, wọ́n dọ́gba. Ẹ wo ti Hassan, ìkan náà ni."

Ẹkún gbọ̀n Hàlímọ̀. "Kò dọ́gba!" ló pariwo. "Kò dọ́gba, Hussainat! Ta ló bi ọ́?"

Ó gbá àga màṣíìnì náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó fẹ́ fà á tu, èékánná rẹ̀ ń ya awọ rẹ̀. Hassan ti sá padà dé. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Màámi, nọ́ọ̀tì ló mú un. Kò lè tu báyẹn."

"Lọ bá Kàsímù. Kó gbé tiẹ̀ wá fún un."

"Tèmi ńkọ́?"

Hàlímọ̀ wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. Ẹ̀rù àtijọ́ tún gbá a mú lọ́rùn, ó sì hàn lójú rẹ̀. "Ìwọ náà, lọ gbé tìẹ wá," ló wí níkẹyìn.

Hassan sáré lọ. Àwọn èèyàn gbé màṣíìnì kúrò, wọ́n gbé Hussainat jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Hàlímọ̀ jókòó tì í nínú eruku, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé itan, ó ń fi ìdí ìró nu ẹ̀jẹ̀ kúrò. Ó nà wọ́n, ó ń wò wọ́n láti orúnkún dé ọmọ ìka bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ tuntun fún.

"Hussainat," ló wí, "ìgbà wo lẹsẹ̀ ẹ ti kúrú báyìí?"

"Ó ti pẹ́, Màámi."